Ìrànwọ́ pàjáwìrì fún àgbẹ̀ ní Niger: Báwo ló ṣe ń dé oko, kí sì nìdí tó fi máa ń pẹ́?

Ní orílẹ̀-èdè Niger, iṣẹ́ oko àti ẹran ọ̀sìn ni ohun tó ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àwọn ará ìlú fi ń jẹun. Ìgbà òjò kan ṣoṣo lọ́dún ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn gbójú lé. Bí òjò náà bá dá, bí eéṣú bá bo oko, tàbí bí àgbàrá bá gbá irè lọ, Niamey tó jẹ́ olú ìlú ni gbogbo ojú máa ń wò fún ìrànwọ́ pàjáwìrì.

Oríṣiríṣi ọ̀nà ni ìrànwọ́ náà ń gbà wá: àpò ọkà ọ̀fẹ́, ọkà tí ìjọba tà ní owó pọ́ọ́kú, irúgbìn, oúnjẹ ẹran, tàbí owó tí wọ́n fi lé ìyá ilé lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà ọ̀dá ńlá tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1968 ni ìbéèrè kan ti ń dojú kọ gbogbo ìjọba tó jẹ níbẹ̀: ṣé ìrànwọ́ yóò dé kí ìdílé tó ta ẹran tó kù ní agbo, kí wọ́n sì tó jẹ irúgbìn tó yẹ kí wọ́n gbìn?

Àlàyé rèé lórí bí ètò náà ṣe ń ṣiṣẹ́, ìtàn tó wà lẹ́yìn rẹ̀, àti ohun tó kan àwọn aládùúgbò Niger nínú rẹ̀.

Kí ló dé tí àká fi máa ń ṣófo?

Aṣálẹ̀ ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ Niger. Apá gúúsù orílẹ̀-èdè náà, láti Tillabéri àti Dosso lọ sí Tahoua, Maradi, Zinder àti Diffa, ni òjò ti ń tó fún iṣẹ́ oko. Jéró, ọkà bàbà àti ẹ̀wà ni irè tó gbilẹ̀ jù níbẹ̀. Òjò a máa bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù Kẹfà, a sì máa dáwọ́ dúró ní oṣù Kẹsàn-án. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìkórè.

Irè tí wọ́n bá kó nígbà náà ló yẹ kó gbé ilé dé ìkórè tó tẹ̀ lé e. Ní ọ̀pọ̀ ilé, kì í tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó bá fi máa di oṣù Karùn-ún tàbí Ìkẹfà, àká ti gbẹ, bẹ́ẹ̀ sì ni ìgbà náà gan-an ni iṣẹ́ oko le jù. Àwọn ará Niger fi ọ̀rọ̀ Faransé pe àsìkò yìí ní soudure, èyí tó túmọ̀ sí ìsopọ̀, nítorí pé òun ni àlàfo tí wọ́n gbọ́dọ̀ so pọ̀ láàárín irè àná àti irè ọ̀la.

Gbèsè tún ń dá kún un. Àgbẹ̀ tó jẹ gbèsè nígbà ọ̀wọ́n yóò ta ọkà rẹ̀ kété lẹ́yìn ìkórè, nígbà tí ọjà kún tí owó ọkà sì wálẹ̀. Ní oṣù Keje, yóò padà lọ ra irú ọkà kan náà ní iye tó ga. Nítorí náà, kì í ṣe ẹni tí òjò kò rọ̀ sí oko rẹ̀ nìkan ni ebi ń pa. Ẹni tí òjò rọ̀ fún lè wà nínú ìṣòro kan náà bí owó ọjà bá ju agbára rẹ̀ lọ.

Níbo ni àṣẹ ti ń jáde?

Niger ní ètò ìjọba kan fún dídènà àti bíbójú tó ìṣòro oúnjẹ. DNPGCA ni ìkékúrú orúkọ rẹ̀ ní èdè Faransé, abẹ́ ọ́fíìsì olórí ìjọba ló sì wà ní Niamey. Ibẹ̀ ni àwọn aṣojú ìjọba àti àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ṣèrànwọ́ ti ń jíròrò iye tí wọ́n nílò àti ẹni tí yóò sanwó rẹ̀.

Lára ètò náà ni ẹ̀ka ìkìlọ̀ ní kùtùkùtù, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1989. Iṣẹ́ wọn ni láti máa ṣọ́ òjò, irè oko, owó ọjà, ìlera ẹran ọ̀sìn àti ìlera àwọn ọmọdé káàkiri ẹkùn mẹ́jọ tó wà ní orílẹ̀-èdè náà. Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ra ọkà tó sì ń tọ́jú rẹ̀ pamọ́ ni OPVN, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1970.

Lẹ́yìn ìkórè ni wọ́n máa ń ṣírò irè tó wọlé. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, ní ìparí ọdún àti ní nǹkan bí oṣù Kẹta, ni àwọn onímọ̀ máa ń pín agbègbè kọ̀ọ̀kan sí ìpele márùn-ún, gẹ́gẹ́ bí ìlànà tí àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà àti àdúgbò Sahel jọ ń lò. Ìpele kìn-ín-ní túmọ̀ sí pé kò séwu. Ìpele kẹta ni ìṣòro ti dé ojú ẹ̀, tí àwọn ènìyàn kò lè rí oúnjẹ tó láìta ohun tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Ìpele karùn-ún ni ìyàn.

Láti inú ìṣirò yìí ni ìjọba ti ń ṣe ètò ìrànwọ́ ọdún. Èyí fi hàn pé ìkìlọ̀ kì í sábà pẹ́: àwọn tó wà ní Niamey máa ń mọ̀ ní oṣù mélòó kan ṣáájú pé oṣù Keje yóò le. Owó ló máa ń pẹ́. Ìjọba kò lè dá gbogbo rẹ̀ san, àwọn olùrànlọ́wọ́ a sì máa fi owó sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí owó bá pé, wọn yóò tún ra ọkà, wọn yóò sì kó o gba ojú ọ̀nà tí òjò ti bàjẹ́.

Oríṣi ìrànwọ́ wo ló wà?

Èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ jù ni pínpín oúnjẹ lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn ìdílé tí wọ́n ti kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Òmíràn ni títa ọkà ní owó pọ́ọ́kú: OPVN yóò kó ọkà jáde láti ilé ìkẹ́rùsí, wọn yóò sì tà á ní iye tó kéré sí ti ọjà. Ọ̀nà yìí a máa rọ owó ọjà lọ́rùn, ṣùgbọ́n kò ran ẹni tí kò ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rárá.

Fún àwọn darandaran, oúnjẹ ẹran ni wọ́n máa ń tà ní ẹ̀dínwó, pàápàá èérí àlìkámà àti oúnjẹ tí wọ́n fi kóró òwú ṣe. Bí koríko bá gbẹ, iye màlúù a já wálẹ̀ nígbà tí owó jéró ń gòkè, ẹran tó lè ra àpò ọkà mẹ́ta tẹ́lẹ̀ sì lè má ra ju ẹyọ kan lọ. Bí ẹran bá kú, ìdílé darandaran ti pàdánù oko, àká àti ilé ìfowópamọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Iṣẹ́ alówó tún wà. Àwọn ará abúlé yóò gbẹ́ kòtò tó dà bí ìlàjì òṣùpá sórí ilẹ̀ tó ti le, kí omi òjò lè dúró kó sì wọlẹ̀. Wọn yóò gba owó tàbí oúnjẹ fún iṣẹ́ náà, ilẹ̀ tó ti di àkísà yóò sì tún lè hu irúgbìn. Àléébù rẹ̀ ni pé arúgbó, aboyún àti aláìsàn kò lè gbé ọkọ́.

Ìkẹyìn ni owó fúnra rẹ̀, èyí tí ipa rẹ̀ ti ń pọ̀ sí i láti nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn.

Ìgbà mẹ́ta tí ebi di ọ̀rọ̀ ìjọba

Ọ̀dá tó bẹ̀rẹ̀ ní 1968 pa ẹran ọ̀sìn rẹpẹtẹ, ó sì lé àwọn darandaran wọ ìgboro. Ní 1973, àwọn orílẹ̀-èdè Sahel péjọ ní Ouagadougou, wọ́n sì dá àjọ CILSS sílẹ̀ láti jọ kojú ọ̀dá. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 1974, Ọ̀gágun Seyni Kountché gba ìjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Hamani Diori, ẹni tó ti ń ṣàkóso láti ìgbà òmìnira ní 1960. Ẹ̀sùn pé wọ́n ṣe oúnjẹ ìrànwọ́ mọ́kumọ̀ku wà lára ìdí tí àwọn ológun fi lélẹ̀.

Ní 2004, òjò tètè dá, eéṣú sì jẹ oko. Ní oṣù Kẹta ọdún 2005, àwọn ará Niamey tú síta láti fi ẹ̀hónú hàn sí owó orí tuntun tí ìjọba gbé lé mílíìkì, ṣúgà àti ìyẹ̀fun àlìkámà. Ìjọba Ààrẹ Mamadou Tandja kọ́kọ́ yan títa ọkà ní owó pọ́ọ́kú dípò pínpín rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí ìbẹ̀rù pé oúnjẹ ọ̀fẹ́ yóò ba ọjà jẹ́. Oúnjẹ wà lórí àtẹ ní ọjà Maradi, ṣùgbọ́n àwọn ìdílé tí ọmọ wọn ń rù kò lágbára láti rà á. Àjọ àwọn dókítà tí a mọ̀ sí Médecins Sans Frontières tọ́jú ju 60,000 ọmọdé lọ lọ́dún náà. Ní oṣù Kẹjọ, Tandja sọ fún BBC pé àwọn ará ìlú òun ń jẹun yó, ó sì fi ẹ̀sùn kan àwọn àjọ ìrànwọ́ pé wọ́n ń bu ọ̀rọ̀ náà kún.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Maradi bá ohun tí onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ọmọ India nì, Amartya Sen, ti kọ ní 1981 mu: ìyàn lè wáyé níbi tí oúnjẹ wà, bí àwọn kan kò bá ní ohun tí wọn yóò fi gbà á. Sen fi ọ̀dá Sahel ṣe ọ̀kan lára àpẹẹrẹ inú ìwé náà.

Ní 2009 òjò tún kọ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 2010, àwọn ológun lé Tandja kúrò. Ọ̀rọ̀ òfin ilẹ̀ tó yí padà kó lè pẹ́ sí i lórí oyè ni ìdí pàtàkì, kì í ṣe ebi. Ṣùgbọ́n ìjọba tuntun náà jẹ́wọ́ ní gbangba pé ebi wà, wọ́n sì ké sí àgbáyé fún ìrànwọ́. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn lé ní mílíọ̀nù méje, ìyẹn nǹkan bí ìdajì àwọn ará ìlú nígbà náà. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín 2005 àti 2010 ni pé wọn kò fi oṣù mélòó kan jiyàn bóyá ìṣòro wà tàbí kò sí.

Oúnjẹ ni tàbí owó?

Ní 2010 yìí kan náà, àjọ Concern Worldwide fún àwọn obìnrin ní owó lóṣooṣù fún oṣù márùn-ún ní ẹkùn Tahoua. Àwọn kan gba owó náà lọ́wọ́ sí ọwọ́, àwọn mìíràn sì gbà á lórí fóònù. Àwọn olùwádìí tẹ̀ lé wọn ní abúlé 96. Wọ́n rí i pé oúnjẹ tí àwọn ìdílé tó gba owó lórí fóònù ń jẹ ṣe oríṣiríṣi ju ti àwọn yòókù lọ. Àwọn obìnrin kò fi ọjọ́ ṣòfò lórí ìrìn àjò lọ gba owó. Nítorí pé kò sí ẹni tó mọ ọjọ́ tí owó wọlé, wọ́n ní àṣẹ lórí rẹ̀ nínú ilé.

Ní 2011, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí ètò kan tí ìjọba Niger fi ń fún àwọn ìdílé tó tòṣì jù ní 10,000 owó CFA lóṣù fún oṣù 24. Obìnrin ni wọ́n sábà máa ń fi owó náà lé lọ́wọ́. Ìwádìí tó jáde nínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì Nature ní 2022 fi hàn pé bí wọ́n bá fi ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ẹgbẹ́ àjọ àti ìgbani-níyànjú kún owó oṣooṣù náà, òwò àwọn obìnrin a máa gbòòrò, oúnjẹ ilé wọn a sì sunwọ̀n sí i.

Síbẹ̀, owó kì í ṣe oògùn gbogbo àìsàn. Níbi tí ọjà ti ṣí, owó a jẹ́ kí ìdílé ra ohun tó bá wọn mu, ontàjà àdúgbò náà a sì rí èrè. Níbi tí ọkà ti tán lọ́jà, tàbí tí àwọn agbébọn ti dí ojú ọ̀nà, owó kò ní ohun tí yóò rà. Àpẹẹrẹ ni àwọn apá kan ní Tillabéri, àti Diffa tí Boko Haram bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lù ní 2015. Ní Diffa, ìjọba fúnra rẹ̀ fòfin de òwò ata àti ẹja fún ìgbà kan kí owó má bàa bọ́ sọ́wọ́ àwọn agbébọn, ìyẹn sì gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn àgbẹ̀ tí ata jẹ́ ọ̀nà ọrọ̀ wọn.

Ta ni orúkọ rẹ̀ ń wọ ìwé?

Kò sí ìgbà tí ìrànwọ́ tó fún gbogbo ènìyàn. Ọ̀nà mélòó kan ni wọ́n ń gbà yan àwọn tí yóò gbà á. Nígbà mìíràn, ìpàdé abúlé ni yóò sọ ẹni tó tòṣì jù. Nígbà mìíràn, àwọn òṣìṣẹ́ yóò lọ láti ilé dé ilé, wọn yóò ka ẹran, ilẹ̀ àti iye ẹnu tó ń jẹun, wọn yóò sì fún ìdílé kọ̀ọ̀kan ní máàkì.

Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ní ìṣòro tirẹ̀. Baálẹ̀ tàbí àwọn ìbátan rẹ̀ lè fi orúkọ ara wọn ṣáájú níbi ìpàdé. Òṣìṣẹ́ tó wá láti ìgboro sì lè ka ewúrẹ́ mẹ́ta sí ọrọ̀, láìmọ̀ pé ti aládùúgbò ni méjì nínú wọn. Ní ọ̀pọ̀ abúlé, lẹ́yìn tí ọkọ̀ ìrànwọ́ bá ti lọ, àwọn ènìyàn a tún kó oúnjẹ náà jọ, wọ́n a sì pín in kárí. Àwọn àjọ máa ń ka èyí sí ìṣòro nítorí pé ìpín ẹni tó tòṣì jù yóò kéré. Lójú àwọn ará abúlé, ẹni tí kò rí gbà lónìí ni yóò yáni ní irúgbìn lọ́dún tó ń bọ̀, kò sì ṣeé fi sílẹ̀.

Ṣé ó ṣeé ṣe kí ìrànwọ́ ṣáájú ebi?

Ohun tí àwọn onímọ̀ ń wá báyìí ni owó tí yóò jáde kí àká tó ṣófo. Àjọ African Risk Capacity, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà dá sílẹ̀ ní 2012, ń ta ìwé adójútòfò ọ̀dá fún àwọn ìjọba. Sátẹ́láìtì ló ń wọn òjò, bí òjò bá sì dín sí iye tí wọ́n jọ fohùn sí, àjọ náà yóò sanwó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2015, Senegal, Mauritania àti Niger gba owó tó lé ní mílíọ̀nù 26 dọ́là. Ìpín Niger jẹ́ mílíọ̀nù 3.5 dọ́là.

Ẹ̀rọ pẹ̀lú a máa ṣìnà. Nígbà ọ̀dá tó mú Malawi ní 2015 sí 2016, ìṣirò àjọ náà kọ́kọ́ sọ pé owó kò tọ́ sí wọn, nígbà tí ìyà ti ń jẹ àwọn àgbẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n tún un yẹ̀ wò ni wọ́n tó san mílíọ̀nù 8.1 dọ́là.

Niger náà ti dán irú ọ̀nà yìí wò lórí àwọn ìdílé. Ìkórè 2021 burú gan-an, àwọn tí ọ̀wọ́n oúnjẹ kàn ní 2022 sì tó mílíọ̀nù 4.4. Àwọn àmì láti sátẹ́láìtì ló jẹ́ kí ètò owó ìrànwọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó fún àwọn kan ní oṣù mélòó kan ṣáájú ìgbà tí ìrànwọ́ àtẹ̀yìnwá máa ń dé.

Kí ló yí padà láti 2023?

Ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 2023, àwọn ológun lábẹ́ Ọ̀gágun Abdourahamane Tchiani gba ìjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Mohamed Bazoum. Àkókò náà bọ́ sí àárín ìgbà ọ̀wọ́n. ECOWAS ti ẹnubodè, Nàìjíríà dáwọ́ iná mànàmáná tó ń fún Niger dúró, Báńkì Àgbáyé náà sì dá owó tó ń san dúró. Ọkọ̀ ìrẹsì àti ti oúnjẹ ìrànwọ́ há sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ní ilẹ̀ Benin. Àwọn alátìlẹ́yìn ìjìyà náà ní àwọn ológun ni àwọn fẹ́ fi í bá wí, ṣùgbọ́n ìdílé tó ń ra oúnjẹ lójoojúmọ́ ló kọ́kọ́ tọ́ ọ wò.

ECOWAS ká èyí tó pọ̀ jù nínú ìjìyà náà kúrò ní ọjọ́ 24 oṣù Kejì ọdún 2024, síbẹ̀ Niger kò ṣí ẹnubodè rẹ̀ pẹ̀lú Benin. Lọ́dún náà, òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá ló ṣe ọṣẹ́: àwọn tó kú lé ní 300, àwọn tí ẹ̀kún omi bá sì lé ní mílíọ̀nù kan. Ní oṣù Kẹwàá, ìjọba fòfin de kíkó ìrẹsì àti ọkà jáde, àyàfi sí Mali àti Burkina Faso. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kínní ọdún 2025, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò nínú ECOWAS. Èyí gbé ìbéèrè dìde nípa ọkà ìpamọ́ tí ECOWAS dá sílẹ̀ fún gbogbo ẹkùn náà ní 2013.

Kí ló kan ilẹ̀ Yorùbá nínú rẹ̀?

Niger wà lára àwọn tó ń gbin ẹ̀wà jù lágbàáyé, Nàìjíríà nìkan ló sì sábà máa ń ṣáájú rẹ̀. Ẹ̀wà, àlùbọ́sà Galmi láti ẹkùn Tahoua àti màlúù láti ibẹ̀ ń wọ ọjà Nàìjíríà àti Benin. Bí ọ̀dá bá mú Maradi, tàbí bí ìjọba Niamey bá ti ẹnubodè, alákàrà ní Ìbàdàn tàbí Kétu lè mọ̀ ọ́n lára nígbà tó bá fẹ́ ra ẹ̀wà. Ọkà Nàìjíríà pẹ̀lú ń lọ sí Niger, owó ọjà Kano àti ti Maradi sì jọ ń rìn ni.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti Niger nìkan. Ní oṣù Keje 2023, Ààrẹ Bola Tinubu kéde ìṣòro oúnjẹ ní ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ní Nàìjíríà. Ní oṣù Kejì 2024, ìjọba rẹ̀ ní àwọn yóò kó 42,000 tọ́ọ̀nù ọkà jáde láti inú ìpamọ́. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi ara wọn ní Niamey ni àwọn ará Nàìjíríà náà bèèrè: ta ni yóò gbà á, nígbà wo, ta ni yóò sì ṣọ́ ẹni tó ń pín in?

Kí ló yẹ kí á máa wò?

Ohun mẹ́ta ló máa ń fi hàn bóyá ọdún kan yóò yàtọ̀. Èkíní ni bí ìjọba bá sọ òótọ́ nípa ìkórè nígbà tí èsì rẹ̀ jáde. Èkejì ni iye owó tó ti wà nílẹ̀ kí oṣù Kẹfà tó wọlé. Ẹ̀kẹta ni bóyá wọ́n ka orúkọ àwọn tí yóò gba ìrànwọ́ sétígbọ̀ọ́ gbogbo abúlé, kí ẹni tí wọ́n fò lè sọ̀rọ̀.

Àwọn àgbà ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Fún àgbẹ̀ Niger, àpò jéró tó dé ní oṣù Karùn-ún lè gba irúgbìn, ewúrẹ́ àti ilẹ̀ rẹ̀ là. Èyí tó bá dé ní oṣù Kẹsàn-án yóò bá a nílé, yóò sì jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ó lè ti ta gbogbo ohun tí ì bá fi bẹ̀rẹ̀ ọdún tó ń bọ̀.